Ẹ Kọjú sí Odò Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ya Fọ́tò Ẹgbẹ́

Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣeré lọ sí etí odò, fọ́tò ni gbogbo wọn máa ń fẹ́ mú bọ̀. Wọ́n ti dá owó ọkọ̀, wọ́n ti ra aṣọ kan náà, wọ́n ti se oúnjẹ. Àwọn àgbà tí kì í sábà jáde náà bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò bá jáde, aṣọ á hàn, odò á hàn, ojú èèyàn á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ìyá àgbà kan nínú wọn kò bá sí mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa wò? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń fa èyí.

Kí ló ń fà á?

Ní ilẹ̀ wa, oòrùn máa ń wà ní àtàrí láàrin agogo 12 sí agogo 2 ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá báyìí, iwájú orí àti imú ló ń bà. Ihò ojú á ṣókùnkùn. Fìlà àti gèlè á tún fi òjìji bo ìyókù.

Omi náà ń dá kún un, nítorí pé ó ń kọ mànà bíi dígí. Kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ ti inú fóònù, lè má mọ̀ pé èèyàn la fẹ́ rí. Nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ gbogbo ibi tó ń wò ló ń wọ̀n. Bí omi tó ń dán bá pọ̀ lẹ́yìn wa, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Omi á dára, àwa á di òjìji.

Kí ni kí a ṣe?

1. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yà á kí agogo 9 òwúrọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ti rọ̀ nígbà náà.

2. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, ẹ wá ibòji. Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, igi ńláńlá wà létí odò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibòji ló dára. Níbi tí oòrùn bá ti ń yọjú láàrin ewé, ara yín á rí tó-tò-tó bí ara ẹkùn. Ibi tí ibòji ti ṣù ni kí ẹ lọ, kí gbogbo yín wọ inú rẹ̀ tán.

3. Ẹ kọjú sí odò, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti ara omi àti yanrìn funfun á wá bá yín lójú. Kí ẹni tó ń ya fọ́tò ṣọ́ra, kó má fà sẹ́yìn wọ inú omi!

4. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹnì kan nínú àwòrán tó wà lórí fóònù. Ojú náà ni fóònù yóò fi wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá funfun jù, ẹ jẹ́ kó funfun. Kì í ṣe ojú ọ̀run la wá yà.

5. Kí àwọn àgbà jókòó síwájú, kí àwọn tó ga dúró lẹ́yìn. Kí gbogbo yín pa ojú dé, kí ẹnì kan ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó là á. Ẹ yà á tó ìgbà márùn-ún, nítorí pé ẹnì kan á ṣáà ṣẹ́jú.

Ìkìlọ̀ kan

Ẹ má ṣe dìde ya fọ́tò nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí gbogbo èèyàn bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè wọ fọ́tò, ọkọ̀ á fì, ó sì lè dojú dé. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti yà á.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo fọ́tò náà dáadáa. Ẹ wo ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ẹnì kan kò bá hàn, ẹ pe ara yín padà, kí ẹ tún un yà.