Ta ló lè jókòó, ta ló máa sanwó? Ìṣirò yàrá ìgbafẹ́ sìgá ńlá lójú ọ̀nà Àgbádárìgì

Láti Ìyànà-Ìba dé Òkókómáíkò, títí kan Ìjànikin tó jẹ́ ti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ilé ọtí, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti ibùdó ìgbafẹ́ kò lóǹkà. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àga oníke á ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, onísuyà á ti kó ẹran sórí iná. Ẹni tó bá ń wá ohun tuntun tó máa fi kún ọjà rẹ̀ níbẹ̀ lè máa wo èyí tí wọ́n ń ṣe ní Victoria Island àti Ìkòyí lọ́ọ̀kán: ṣọ́ọ̀bù tó ń ta sìgá ńlá, ìyẹn cigar, èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé, tó sì ní yàrá tútù kan nínú, níbi tí oníbàárà ti lè jókòó sórí àga onítìmùtìmù, kó mu ún, kó sì máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ.

Ṣé irú òwò bẹ́ẹ̀ lè dúró ní Òkókómáíkò, ní Ìba tàbí ní Ọ̀jọ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdáhùn kò ní í bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí wọ́n ń ta sìgá náà. Àga ló máa kọ́kọ́ kà.

Tábà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì lójú ọ̀nà yìí. Láyé òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ojú omi láti Bahia ní Brazil máa ń kó ìdì tábà tí wọ́n ti rẹ sínú omi ìrèké dúdú wá sí Wídà, Àgbádárìgì àti Èkó, ọjà burúkú náà ni wọ́n sì ń fi í rà. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo lọ́dún 1933, Ìbàdàn tẹ̀ lé e lọ́dún 1937, àwọn àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ògùn sì fi ewé náà kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níléèwé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kí èèyàn máa ta ìjókòó pẹ̀lú tábà.

Sìgá kékeré kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi máa jó tán. Sìgá ńlá lè gba wákàtí kan tàbí wákàtí kan àtààbọ̀, ẹlòmíì sì tún wà tó máa jókòó wákàtí kan sí i lẹ́yìn tó bá ti pa á, torí pé ọ̀rọ̀ dùn. Ibi tí owó ti ń sọnù nìyẹn.

Ká mú yàrá kan tó ní àga 12, tí wọ́n ń ṣí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́wàá alẹ́. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo wákàtí kan àtààbọ̀, èèyàn mẹ́rin ló lè jókòó sórí àga kan lálẹ́ ọjọ́ kan, èèyàn 48 nìyẹn tí kò bá sí àga tó ṣófo rárá. Kò sí ilé ìgbafẹ́ tó ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ká sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló wá, èèyàn 16. Ká tún sọ pé owó ilé jẹ́ N600,000 lọ́dún, ìyẹn N50,000 lóṣù. Pé epo jẹnẹrétọ̀ lítà márùn-ún ní N1,000 ló ń jó lọ lálẹ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù, N130,000 nìyẹn. Pé òṣìṣẹ́ méjì sì ń gba N70,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N320,000 lóṣù, tàbí nǹkan bíi N12,300 lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun. Tí èèyàn 16 bá wá, èrè tó gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó N800. Tó bá jẹ́ mẹ́fà ló wá, ó di N2,050. Tí mẹ́ta nínú mẹ́fà náà bá sì mú sìgá tiwọn wá láti ilé, tí wọn kò ra ju omi lọ, àwọn mẹ́ta yòókù ló máa ru ẹrù náà, ó ti kọjá N4,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrè lásán là ń sọ yìí o, kì í ṣe owó ọjà. Kò sì tíì sí owó aláàbò, owó lẹ́fì, kọ́bọ̀ tí bàbá onílé ń gbà fún ìmọ́tótó, àti ti awòràwọ̀ iná tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà bá yá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ta ló lè wọlé, ta ló lè jókòó, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Àwọn onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ti yanjú rẹ̀ tipẹ́ ní tiwọn: ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó. Ẹni tó bá ti san tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ra nǹkan tàbí kò ra nǹkan títí bọ́ọ̀lù yóò fi parí. Ilé ọtí tó wà lódìkejì títì gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ láìgba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ọmọ tó ń gbé ọtí á máa yí àga ká, ojú á sì máa ti ẹni tí ìgò rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn má gbowó lẹ́nu ọ̀nà, kó má sì bi ẹni tó jókòó léèrè nǹkan kan.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù sìgá ńlá ní Amẹ́ríkà ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọgbọ́n lórí èyí. Àwọn kan gbà kí ẹnikẹ́ni tó bá ra ọjà lọ́jọ́ yẹn jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá látìta, gẹ́gẹ́ bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń gbowó lórí wáìnì tí àlejò bá gbé wá. Àwọn mìíràn ya yàrá náà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún. Wọ́n á fún un ní àpótí kékeré oníkọ́kọ́rọ́ tó máa kó sìgá rẹ̀ sí, wọ́n á sì jẹ́ kó dúró pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Owó ọmọ ẹgbẹ́ dára fún oníṣòwò nítorí pé ó ń wọlé kódà lọ́sẹ̀ tí òjò ò jẹ́ kẹ́nì kan jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún tirẹ̀. Tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá gba gbogbo àga lálẹ́ Sátidé, ẹni tuntun tó gbé owó gidi dání á yẹ̀wù, kò sì ní í padà wá. Tí àwọn ẹni tuntun bá kún ibẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ á béèrè ohun tó ń sanwó fún. Ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́n á pín àga, á kọ ọ́ sára ògiri, kò ní í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ máa fi ojú wo ẹni tó wù ú.

Ní agbègbè Ọ̀jọ́, ètò ọmọ ẹgbẹ́ kò ní í ṣe àjèjì. Ẹni tó ń dá àjọ, tó wà nínú ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti mọ bí wọ́n ṣe ń san owó oṣù. Ohun tó máa ba nǹkan jẹ́ ni àwìn. Ọ̀gá kan tó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, tó ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ń jókòó sórí àga tó dára jù, lè jẹ́ gbèsè tó ju èrè oṣù kan lọ kí oníṣòwò tó mọ̀. Ojú kò sì ní í jẹ́ kó bèèrè.

Yàtọ̀ sí àga, ọjà náà fúnra rẹ̀ ṣòro tọ́jú. Sìgá ńlá fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ibi tó wà sì tutù, nǹkan bíi 18 sí 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá gbẹ, á máa fọ́, á sì korò. Tó bá rin jù, á hu ewú. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin Èkó máa ń ju 80 lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, ó lè wálẹ̀ gan-an. Èyí tó burú jù ni kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ tábà, tó jọ èyí tó ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú ewé látoko, tí ooru bá sì ti kọjá nǹkan bíi 23 tàbí 24, á pa, á dá ihò sára ọjà. Ooru Èkó sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀ kódà lóru. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìgbà tí oníbàárà wà níbẹ̀ nìkan ni yàrá gbọ́dọ̀ tutù, bẹ́ẹ̀ ni lítà márùn-ún tí a fi ṣírò lókè kò ní í tó. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àti April 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A gun òkè láti N68 sí N225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan, yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sántòru ti di ẹrù wúwo. Náírà tún já wálẹ̀ láti June 2023, bẹ́ẹ̀ òkèèrè ni ọjà yìí ti ń wá.

Oníṣòwò kékeré kan lè yẹra fún díẹ̀ nínú ìnáwó yìí tó bá ra ìwọ̀nba igi díẹ̀, tó kó wọn sínú kúlà oníke tó dé dáadáa pẹ̀lú àpò kékeré tó ń ṣètò ọ̀rinrin, tó sì kọ́kọ́ ti ọjà tuntun bọ fìrísà fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyin kòkòrò lè kú. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta igi mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kò tíì ní òwò tó lè san owó ilé, àlékún ọjà lásán ló ní.

Òfin wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ní February 2014 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin tó ń darí sìgá mímu ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì ka ilé oúnjẹ, iléèwé, ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ èrò mọ́ ibi tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹni tó bá mu ún níṣojú ọmọdé lè san ìtanràn N15,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan. Ní May 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó dárúkọ ilé oúnjẹ àti ilé ọtí pẹ̀lú ọgbà ìṣeré, pápá ìṣeré àti ibi tí èrò ń pé sí. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ra tábà, kí wọ́n má ta sìgá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má polówó rẹ̀. Nítorí náà, pátákó ńlá tí wọ́n ya ẹni tó ń yọ èéfín sí, tí àwọn kan rò pé òun ló máa pe èrò wá, lè jẹ́ òun gan-an ló máa pe ìjọba wá. Ẹ̀ka ìjọba náà sì ti fi hàn pé àwọn lè múra: ní December 2023, iléeṣẹ́ FCCPC kéde pé British American Tobacco máa san ìtanràn $110 million. Ẹni tó ń ta ọtí ní kọ̀rọ̀ kò ní agbẹjọ́rò bíi tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wá le ju ti Ìkòyí lọ, nítorí pé àdúgbò iléèwé ni gbogbo ibí yìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983, yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ LASUED sì wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin. Ọmọ ọdún 16 lè wọ yunifásítì. Wíwo ojú nìkan kò tó láti mọ ọjọ́ orí ẹni, ẹni tó bá sì ní kí ọmọ LASU mú káàdì ìdánimọ̀ jáde gbọ́dọ̀ ka ọdún tí wọ́n bí i.

Àwọn ìlú kan ṣí ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ fún irú ṣọ́ọ̀bù yìí. Nígbà tí England fòfin de sìgá nínú ilé ní July 1, 2007, wọ́n gbà kí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé sìgá ńlá, tábà ìkòkò àti irú wọn ló ń mú ju ìdajì owó rẹ̀ wá jẹ́ kí oníbàárà tọ́ ọ wò nínú. Ní New York, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 fi ilé ọtí sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé, ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún 2001 wá láti ara tábà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ti tì. Kenya ní tirẹ̀ fòfin de ṣíṣà ní December 2017, àwọn tó ti fi owó ra ìkòkò àti àga fún un sì jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ọjà tí kò ṣeé tà mọ́.

A kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ìlera pa mọ́ sábẹ́ ìṣirò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó ju mílíọ̀nù méje èèyàn lọ tí tábà ń pa lọ́dọọdún, títí kan àwọn tí kò mu ún, tí èéfín ẹlòmíì ń bá. Nínú yàrá tó tì pa, ọmọọṣẹ́ tó ń gbé omi ló ń fa èéfín jù, torí oníbàárà á lọ ilé lẹ́yìn wákàtí méjì, òun á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, yàrá tó tì pa tí wọ́n kọ́ nítorí sìgá ńlá nìkan kò ní èrè tó tó ewu rẹ̀ ní Òkókómáíkò. Owó kan náà máa ṣe dáadáa lórí ìgbafẹ́ tí kò ní èéfín nínú: oúnjẹ, ohun mímu, bọ́ọ̀lù, ibi tó mọ́. Ohun tó tọ́ kí oníṣòwò mú nínú ọgbọ́n àwọn onísìgá ni ètò ìjókòó wọn, ìyẹn iye tó kéré jù tí ẹni tó gba àga gbọ́dọ̀ ná, owó lórí ohun tí àlejò bá gbé wá, àti àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń san owó oṣù. Àmọ́ kí owó oṣù náà ní àdéhùn lórí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ilé bá tì. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní March 2020 nítorí Kòrónà, ilé ìgbafẹ́ wà lára àwọn tó pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣí.

Ohun kan kù tó ń bọ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti September 2023, Òkókómáíkò sì ni ibi tí wọ́n ṣètò kó parí sí. Àwọn onílé tó wà nítòsí ojú irin náà ti ní ìdí láti fẹ́ fi kún owó ilé. Ẹni tó bá ń gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ báyìí, tó fẹ́ fi owó rẹ̀ tún un ṣe, kó ka iye ọdún tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ kó tó ra àga kankan.