Bí Ojúhò USB Kò Bá Dáhùn Mọ́ Lẹ́yìn Àpudéètì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ọmọ wa tó ń lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 2012, tí gbogbo ara rẹ̀ wà lórí pátákó kan ṣoṣo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kan àwa òbí náà, nítorí àpò wa ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ọmọ á ní òun ṣe àpudéètì, òun tàn án, kíbọ́ọ̀dù kò ṣiṣẹ́ mọ́, fláàṣì kò sì hàn. Ohun tó kàn ni pé kí bàbá wá owó, kí wọ́n lọ ra òmíràn ní Beirut Road.

Ẹ má tíì ná owó yẹn. Àpudéètì ni wọ́n ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iná ló jẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ tún un tàn. Àpudéètì lè kó kẹ́nẹ̀lì tuntun wọlé, èyí tí í ṣe ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kó sì palẹ̀ fáìlì ti àtijọ́ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ki nǹkan bọ USB lásìkò náà, ó lè má rí fáìlì tí yóò fi dá a mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti kó fáìlì lọ sí yàrá ọ̀gá tuntun, tí ọ̀gá àtijọ́ ṣì wà lórí àga. Àwa tó ṣiṣẹ́ ìjọba mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Bí kò bá yí padà, ẹ wo ṣájà. Raspberry Pi 4 ń fẹ́ fóòtì 5, áńpìà 3. Raspberry Pi 5, tó jáde lọ́dún 2023, ń fẹ́ áńpìà 5. Bí kò bá rí i, òun fúnra rẹ̀ yóò dín iná tó ń fún gbogbo ojúhò USB kù láti áńpìà 1.6 sí 0.6. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lè fara dà á, ṣùgbọ́n hàádì dísìkì tó ń yí lè má dìde rárá. Ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà tí a ń rà lójú pópó, òun kọ́ ló máa ń fúnni nígbà gbogbo. Wáyà gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn lẹ́yìn àpudéètì, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn á fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni àṣírí ṣájà ti ń tú.

Ẹ yọ gbogbo nǹkan yòókù, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù nìkan sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ vcgencmd get_throttled. Bó bá kọ 0x0, iná kò ní ẹjọ́. Bó bá kọ 0x50000, iná ti já wálẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti tàn án. 0x50005 sì ń sọ pé kò tó títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ lsusb. Bí orúkọ fláàṣì tàbí dísìkì bá wà níbẹ̀, ojúhò kò bàjẹ́. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: ọmọ á yọ dísìkì náà, á lọ kì í bọ kọ̀ǹpútà onífèrèsé Windows, ìyẹn á sì bi í pé ṣé kí òun fọ́máàtì í. Ẹ dáhùn pé rárá! Windows kì í sábà lè ka dísìkì tí a ṣètò lọ́nà ti Linux, ìyẹn ext4, bí ara dísìkì náà tilẹ̀ le koko. Ẹni tó bá gbà fún un lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, fọ́tò ìsìnkú bàbá, tàbí iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ fi ọdún kan ṣe.

Ẹ̀yin tó máa ń ṣàtúnṣe sí config.txt, láti ìgbà Bookworm, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, inú /boot/firmware ló wà. Ohun tí ẹ bá kọ sí ibi àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́.

Bí ojúhò kan bá ṣì kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ fún àwọn atúnfóònùṣe ní Farm Centre, kí ẹ sì mú ṣájà rẹ̀ dání.