Omi Wíwúwo Kì í Ṣe Omi Líle: Lórí Háídírójìn Wíwúwo àti Ìwúlò Rẹ̀

Ìṣòro kan wà tí ẹni tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní kẹ́mísírì kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ ni à ń pè ní omi líle. Kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ni ó fà á. Omi tí háídírójìn rẹ̀ fúnra rẹ̀ wúwo yàtọ̀ sí i. Omi wíwúwo ni a dábàá fún un. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ yìí yé àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjàgun, níbi tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ti wà láti ọdún 2005, nítorí àṣìṣe olùkọ́ kan a máa di ti ọ̀pọ̀ ọmọ.

Kí ni ó mú un wúwo? Prótọ́ọ̀nù kan péré ni ó wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù háídírójìn gbogbo. Èyí tí ó wọ́pọ̀ kò ní níútíróònù. Dìùtéríọ̀mù ní ẹyọ kan. Trítíọ̀mù ní méjì. A lè pè wọ́n ní ẹ̀dà háídírójìn: bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí, ìdílé wọn kan náà, ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. Harold Urey, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí dìùtéríọ̀mù ní 1931. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1934. Nínú omi òkun, nǹkan bí ẹyọ 1 nínú átọ́ọ̀mù háídírójìn 6,400 ni dìùtéríọ̀mù. Omi wíwúwo a máa dì ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 3.8, a sì máa hó ní 101.4. Àwọn ẹ̀rọ agbára átọ́míìkì kan, bí irú ti Kánádà, ń lò ó láti dẹ eré níútíróònù.

Ìwúlò tí ó kàn wá jù ni ti omi kànga. Bí oòrùn bá ń fa omi adágún, omi fífúyẹ́ ni ó ń tètè lọ. Dìùtéríọ̀mù a sì pọ̀ sí i nínú èyí tí ó kù. Nítorí náà, bí a bá wọn dìùtéríọ̀mù pọ̀ mọ́ ọ́síjìn-18, a lè mọ̀ bóyá òjò ni ó ń rọ̀ wọ kànga tààrà, tàbí omi adágún. Trítíọ̀mù ní tirẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí omi: ìdajì rẹ̀ a máa yí padà di nǹkan mìíràn láàárín ọdún 12.3. Ìdánwò bọ́ǹbù mú kí ó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú òjò, ó sì dé góńgó ní 1963. Láti 1961 ni Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì ti ń ṣa òjò jọ fún irú ìwọ̀n yìí. Kánò wà lára àwọn ibùdó rẹ̀.

Kànga tí trítíọ̀mù kò sí nínú omi rẹ̀ ń mu òjò ìgbà àtijọ́. Bí ìlú bá ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ láìsinmi, ó lè tán kí òjò tuntun tó dé ibẹ̀. Ẹni tí yóò gbẹ́ kànga fún ará ìlú ní láti mọ èyí kí ó tó náwó.