Àbá àti Ìdánwò: Ẹ̀kọ́ láti Yábàá

Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun tí ènìyàn rò nípa àrùn tàbí nípa irúgbìn: àbá lásán ni, títí a ó fi dán an wò. Àbá tí ó sì yẹ fún ìdánwò ni èyí tí ó sọ ṣáájú ohun tí ojú yóò rí bí ó bá jẹ́ òtítọ́, àti ohun tí yóò tú u fó bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà. Ní Yábàá, ní ìhà gúúsù Onígbòǹgbò, ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó sílẹ̀ ní ọdún 1925 láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1919, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, ti kéde pé òun rí kòkòrò tí ó ń fa ibà náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà á gbọ́, nítorí ó lókìkí. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àbá rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí a rí kòkòrò náà lára àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i.

Àjọ náà ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast pẹ̀lú, èyí tí í ṣe Gánà lónìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, ní Kpeve, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin aláìsàn kan tí a ń pè ní Asibi. Asibi sàn, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà tí a fi ẹ̀jẹ̀ náà sí lára dùbúlẹ̀ àìsàn. Báyìí ni a rí ẹranko tí a lè fi dán àbá wò. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ní àrùn nínú asẹ́ tí ó ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró. Síbẹ̀ ohun tí ó kọjá mú ọ̀bọ mìíràn ṣàìsàn. Wọ́n tún fún àwọn ọ̀bọ kan ní omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti yè nínú ibà náà, wọn kò fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi àrùn kan náà sí gbogbo wọn lára. Àwọn ti ìṣáájú rí ààbò, àwọn ti ìkẹyìn kò rí i. Nítorí ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, a mọ ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá. Àbá Noguchi ṣubú: fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ibà náà.

Owó iyebíye ni a san fún ìmọ̀ yìí. Ibà náà pa Stokes ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi, tí ó lọ sí Àkrá láti tún ọ̀rọ̀ náà wádìí, kú nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928. Ṣùgbọ́n láti inú àrùn tí a gbà lára Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937, èyí tí ó ń dáàbò bo ènìyàn títí di òní.

Ẹni tí ó ní àyè díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Onígbòǹgbò lè tọ ọ̀nà kan náà. Bí ó bá rò pé ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà yóò mú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pọ̀ sí i, kí ó kọ ebè mẹ́wàá tí ó dọ́gba, kí ó sì ṣẹ́ kèké mú márùn-ún tí yóò gba ìgbẹ́. Kí irúgbìn, ọjọ́ gbígbìn, omi àti ríro jẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn. Kí ó kọ ohun tí ó ń retí sílẹ̀ kí ó tó gbìn. Nígbà tí ó bá kórè, kí ó gbé ẹ̀fọ́ ebè kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, kí ó má ṣe fi ojú díwọ̀n. Bí ti ìgbẹ́ kò bá wúwo ju ti ìyókù lọ, kí ó jọ̀wọ́ àbá rẹ̀ láìbínú. Bí ó bá sì wúwo jù, kí ó tún un ṣe ní àkókò mìíràn kí ó tó kọ́ aládùúgbò rẹ̀.