Ẹ̀dà nìkan kò tó

Ìgólò wà ní ẹnubodè, ní kọ́múùnù Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Ká ní obìnrin kan ń ta ìrẹsì ní àwìn níbẹ̀. Ó ní ìwé gbèsè. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ a máa da ìwé náà kọ, wọn a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí ẹnì kan bá gba ọjà tàbí tí ó san owó, obìnrin náà a kọ ọ́ sórí pépà pélébé, a sì fi í sínú agolo.

Bí òjò bá ba ìwé gbèsè náà jẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, owó kò tíì sọnù. Wọn yóò gbé ẹ̀dà ọjọ́ Àìkú jáde, wọn yóò sì fi àwọn pépà inú agolo kún un lẹ́sẹẹsẹ, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí ẹ̀dà tí a ń pamọ́, ó ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa orúkọ rẹ́ ní agogo mẹ́ta, a lè tẹ̀lé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú àṣìṣe, kí a sì dúró níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, tí ó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe èyí tí ó ní lọ́kàn. Wọ́n wá ẹ̀dà ojoojúmọ́ tì. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa ṣe é ti ń kùnà, lẹ́tà ìkìlọ̀ rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà mìíràn, tí a ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ni ó kó wọn yọ. Ohun tí ó wọlé lẹ́yìn ẹ̀dà náà kò padà wá mọ́, títí kan orúkọ nǹkan bí 700 ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀.

Ní oṣù Bélú ọdún 2017 kan náà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ RAVIP, ètò tí ó kó orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka àwọn ará ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí Ìfọ̀nyìn mọ́. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá sọnù lè pàdánù ìdánwò.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibòmíràn, kí ó máa kọ ìyípadà ojoojúmọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lóṣooṣù. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.