Ọ̀kẹ́ Kan: Òǹkà Ńlá Tó Rọrùn Láti Pín

Òǹkà Yorùbá ní orúkọ tirẹ̀ fún 20,000, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan, orúkọ yìí kan náà sì ni àwọn àgbà fi ń pe àpò, nítorí pé 20,000 ni iye owó ẹyọ tó ń wọ àpò kan. Owó ẹyọ yìí ni wọ́n ń ná káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní sáà Ogun Kírìjì (1877 sí 1893) láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀.

Ogójì owó ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ tò tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Gbogbo òǹkà tó ju 1 lọ ni a lè tú dé ìdí, títí yóò fi ku kìkì òǹkà àìlèpín, ìyẹn irú èyí tí òǹkà mìíràn kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, bíi 2, 3, 5 àti 7. Bí a bá tú ọ̀kẹ́ kan bẹ́ẹ̀, eéjì márùn-ún àti aárùn-ún mẹ́rin péré ni a óò bá nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye olùpín rẹ̀, ìyẹn àwọn òǹkà tó lè pín in láìṣẹ́kù, yóò rí ọ̀nà mẹ́fà láti lo eéjì wọ̀nyí, láti orí àìlo ọ̀kankan títí dé orí lílo márààrún, àti ọ̀nà márùn-ún láti lo aárùn-ún. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún sì jẹ́ 30. Ogún ní olùpín 6, igba ní 12, ẹgbàá ní 20, ọ̀kẹ́ sì ní 30.

Pípọ̀ tí olùpín ọ̀kẹ́ pọ̀ báyìí wúlò púpọ̀ fún ọjà ayé owó ẹyọ, nítorí pé ènìyàn 16 lè pín ọ̀kẹ́ kan kí kálukú gba 1,250, ènìyàn 25 sì lè gba 800 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́ta, owó ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù, nítorí kò sí ẹẹ́ta nídìí rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo olùpín rẹ̀ pọ̀ láìka òun fúnra rẹ̀, a óò rí 29,203, tó ju ọ̀kẹ́ lọ. Irú òǹkà yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ kà sí èyí tó kún ju ara rẹ̀ lọ.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan, tó ní eéjì mẹ́fà àti aárùn-ún mẹ́fà nídìí, tí iye olùpín rẹ̀ sì jẹ́ 49. Olùpín a máa rìn ní méjì-méjì, bí 2 ti ń bá 500,000 rìn, ṣùgbọ́n 1,000 ni ẹnìkejì ara rẹ̀ nínú mílíọ̀nù, ìdí nìyí tí iye wọn kò fi pé ní méjì-méjì.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìṣirò, níbi gbogbo tí a ti ń sọ Yorùbá, fi ọ̀kẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ti wà nínú òǹkà tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀.