Gíláàsì Dúdú Wẹ́dà Kò Lè Gba Ojú Lọ́wọ́ Lésà

Ẹni tó bá ń gba Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta kọjá lọ́sàn-án mọ̀ pé kí òun yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí iná wẹ́dà bá ti ń kọ mànà. Àwọn tó ń jó géètì àti irin ojú fèrèsé níbẹ̀ mọ ohun tí iná náà ń fà. Bí wẹ́dà bá tẹjú mọ́ ọn láìbo ojú, ó lè máà mọ nǹkan kan lára títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òru ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, omi á sì máa dà. Awọ iwájú ẹyinjú ni iná ọ̀hún bó. Ó sábà máa ń jiná láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ti lésà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ alágbèéká tó ń fi lésà jó irin ti gbòde káàkiri àgbáyé. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ibi tó bá jó a sì máa dán. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ẹni tó rò pé gíláàsì tí òun ti ń lò látẹ̀yìnwá á tó o lò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Lésà tí agbára rẹ̀ bá ti kọjá ìdajì wáàtì ni wọ́n kà sí ìpele 4, èyí tó léwu jù lọ. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí sábà máa ń ní wáàtì 1,000 sí 2,000. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà nítòsí nànómítà 1,070, kò hàn sí ojú ènìyàn, nítorí náà ojú kò ní ṣẹ́ láti gba ara rẹ̀ là. Á gba ọmọlójú wọlé, dígí inú ojú á sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí a fi ń gba àwòrán. Ibẹ̀ kì í mọ ìrora. Ohun tí onítọ̀hún á kàn rí ni àbàwọ́n dúdú láàárín ohun tó ń wò, ibi tó bá sì ti jóná níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Dúdú kọ́ ló ń dá lésà dúró. Gíláàsì lésà gidi lè mọ́ fẹ́ẹ́fẹ́, kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni kí ẹ wò: nànómítà ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín èyí tí wọ́n kọ, OD, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí gíláàsì náà ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tó, náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. OD 6 ni pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ló ń kọjá. OD 7, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 207 ni wọ́n ń tẹ̀lé. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ má fi ojú yín dán an wò. Iná tó ń kọ lójú irin náà ṣì wà o, torí náà ìbojú wẹ́dà ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí lésà bá kọlu irin tó ń dán, bíi alumíníọ̀mù, ó lè ta padà lọ jìnnà. Ọmọ-iṣẹ́ tó dúró ti ọ̀gá rẹ̀, oníbàárà tó jókòó, ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá, kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀ sójú títì kò bá lésà mu rárá. Inú yàrá tí wọ́n tì ló yẹ kí wọ́n ti lò ó, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì ní gíláàsì tirẹ̀.

Ẹni tó bá fura pé lésà kan òun lójú, kó má dúró de ìrora. Kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, irú èyí tó wà ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, kó sì mú ìwé ẹ̀rọ náà dání, torí dókítà á fẹ́ mọ nànómítà àti wáàtì rẹ̀.